Wákàtí Mẹ́tàdínlógún Ni Àlọ, Òun Náà Ni Àbọ̀

Ilé Wa,
Kàbbà,
Ìpínlẹ̀ Kogí.
Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù kẹsàn-án.

Ọmọ́ṣọlá, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Okun o, ọmọ mi. Okun iṣẹ́, okun ọmọ títọ́, okun òtútù tí wọ́n ní ó ti ń yọ́ bọ̀ lọ́dọ̀ yín. Àdúrà mi ni pé kí lẹ́tà yìí bá ọ nínú àlàáfíà, ìwọ àti ọkọ rẹ Olúṣínà, àti Fẹ́rànmí ọmọ ọmọ mi, tí mo ti mọ ẹ̀rín rẹ̀ lórí fóònù ṣùgbọ́n tí n kò tíì gbé. Bí o bá fẹ́ mọ̀ nípa tèmi, ara mi le. Orúnkún ọ̀tún tó máa ń dùn mí ní àsìkò òjò ti gbàgbé mi lọ́dún yìí. Iṣu ta dáadáa, ewúrẹ́ ìyá rẹ bí ìbejì, a sì ń dúpẹ́.

Yóò yà ọ́ lẹ́nu pé lẹ́tà ni mo kọ. Fóònù wà lọ́wọ́ mi, mo sì ń pè yín lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ ló máa ń gbé e, bí ìwọ bá sì gbé e, ẹ máa ń jẹ́ kí ohùn mi jáde síta débi pé gbogbo ilé ló ń gbọ́ mi. Ọ̀rọ̀ tí mo ní lọ́tẹ̀ yìí, ìwọ ni mo fẹ́ kí o kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ oṣù mẹ́fà tí o fẹ́ fi kún ìgbà tí ìyá rẹ yóò lò lọ́dọ̀ yín ni. O ní kí n dá ọ lóhùn kí oṣù yìí tó parí, kí ẹ lè tètè kọ̀wé sí ìjọba ibẹ̀. Mo dáhùn lórí fóònù, ṣùgbọ́n irọ́ ni mo pa. Ọbalolúwa ọmọ katikísì ń bọ̀ wá kàwé ní ìlú kan tí kò jìnnà sí Tòróńtò, òun ni mo fi òtítọ́ rán. Mo fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, mo tún fi téèpù dì í, torí pé mo mọ ọmọ Kàbbà.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ibi tí ojú ti tì mí. Nígbà tí ìyá rẹ fẹ́ máa bọ̀ ní oṣù kẹrin, ọkọ rẹ fi tíkẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́, mo sì lọ tẹ̀ ẹ́ jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà. O mọ̀ pé ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mo fi ṣiṣẹ́ ọ̀nà ní ìjọba ìbílẹ̀. Èmi ni mo máa ń ti kẹ̀kẹ́ ìwọnlẹ̀ lórí títì láti Kàbbà dé Ògìdì, tí mo ń kọ iye rẹ̀ sínú ìwé. Kò sí ẹni tó lè wí fún mi bí ibì kan ṣe jìnnà tó. Mo gbé awò ojú mi wọ̀, mo ka tíkẹ́ẹ̀tì náà fúnra mi. Ó ní bàálù yóò gbéra ní Àbújá ní aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀, ìyá rẹ yóò sì balẹ̀ ní Tòróńtò ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ ọjọ́ kan náà. Wákàtí méjìlá, pẹ̀lú ibi tí wọn yóò ti pààrọ̀ bàálù ní ilẹ̀ òyìnbó. Mo ní, àbí kí là ń pariwo sí?

Ṣé o rántí pé lọ́jọ́ tí mo sin ìyá rẹ dé Àbújá, wákàtí mẹ́fà gbáko la lò lọ́nà, nítorí kòtò àti àwọn tírélà tó to síwájú ara wọn ní Ọbàjànà? Nítorí náà, lójú mi, Kánádà kò ju ìrìn Àbújá lẹ́ẹ̀mejì lọ. Ohun tó jẹ́ kí n fọwọ́ sí i nìyẹn, ọmọ mi. Ọdún mọ́kànlélógójì ni mo ti gbé ìyá rẹ níyàwó, kò sì tíì sùn níbi tí n kò sí ju ọjọ́ mẹ́wàá lọ. Bí mo bá mọ̀ pé ó jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ̀rù ì bá bà mí.

Tíkẹ́ẹ̀tì àbọ̀ ló wá dà mí láàmú. Yóò gbéra ní Tòróńtò ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, yóò balẹ̀ ní Àbújá ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì. Wákàtí méjìlélógún! Ìlú méjì kan náà, kí ló dé tí àbọ̀ fi wákàtí mẹ́wàá ju àlọ lọ? Mo rò ó títí. Ó di ọjọ́ kan tí mo ń ti oko bọ̀, tí mo di iṣu sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, tí mo ń tì í gun òkè tí ìwọ náà mọ̀ dáadáa, ni mo bá dúró lójijì, mo ní, Gbádéyan, o ti rí i. Àlọ oko wa, ìṣẹ́jú márùndínlógójì ni, ọwọ́ òfo, ọ̀nà ń lọ sísàlẹ̀. Àbọ̀ ńkọ́? Wákàtí kan àti ààbọ̀, nítorí ẹrù. Ẹni tó ń lọ sí Kánádà, kí ló ń gbé ju gààrí àti èlùbọ́ lọ? Ẹni tó ń ti ibẹ̀ bọ̀, gbogbo ẹbí ló ń retí ẹrù rẹ̀. Bàálù ti wúwo nìyẹn, kò lè yá.

Ìbráhímù aládùúgbò wa, tó ń fi ọkọ̀ kó iṣu kiri, gbà pẹ̀lú mi lójú ẹsẹ̀. Ó ní ọkọ̀ òun náà, bí ó bá ń lọ sí Ponyan lófìfo, fífò ló ń fò; bí ó bá ń ti ibẹ̀ bọ̀ pẹ̀lú iṣu, rírá ló ń rá. Àwa méjèèjì wá di olùkọ́ àdúgbò. A ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn àgbà ìjọ lẹ́yìn ìsìn, a ṣàlàyé rẹ̀ fún oníṣègùn eyín, kódà mo ṣàlàyé rẹ̀ fún àna wa, Màmá Olúṣínà ní Ponyan. Wọ́n ní àwọn ò mọ̀ bẹ́ẹ̀ rí.

Kò tán síbẹ̀. Ní oṣù kẹjọ mo pe ìyá rẹ, mo ní, "Adédùntán, tí o bá ń bọ̀, má kó ẹrù púpọ̀ o, kí bàálù lè yá." Ó ní òun ti gbọ́. Lọ́sẹ̀ kejì ni ìwọ pè, tí o ń béèrè ohun tó mú kí ìyá rẹ ní kí o dá ìkòkò ńlá méjì tí o rà fún un padà sí ṣọ́ọ̀bù, tó sì ní òun ò fẹ́ kúbùsù mọ́. Mo ní n kò mọ̀. Mo mọ̀, ọmọ mi. Èmi ni. Jọ̀wọ́, dárí jì mí.

Nàíìmà ìyàwó Ìbráhímù ló gbà mí lọ́wọ́ ara mi. O mọ̀ pé jọ́gíráfì ló ń kọ́ àwọn ọmọ girama. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, èmi àti ọkọ rẹ̀ jókòó sí iwájú ilé wa, a tún ń sọ ti bàálù tó wúwo, ó sì ń kọjá lọ pẹ̀lú ìwé àwọn ọmọ ilé-ìwé lọ́wọ́. Ó dúró, ó gbọ́ wa tán, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín títí ó fi di òpó mú. Lẹ́yìn náà ló kúnlẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú. Aago Àbújá ni wọ́n kọ síbi tí bàálù ti gbéra, aago Tòróńtò ni wọ́n kọ síbi tó ti balẹ̀. Wákàtí márùn-ún ni aago tiwọn fi wà lẹ́yìn tiwa." Ó fa ṣọ́ọ̀kì yọ nínú báàgì rẹ̀, ó sì ṣírò rẹ̀ sára ilẹ̀kùn wa. Nígbà tí ó bá lu mẹ́sàn-án alẹ́ ní Tòróńtò, aago méjì òru ti lù ní Kàbbà. Láti mẹ́sàn-án òwúrọ̀ dé aago méjì òru, wákàtí mẹ́tàdínlógún. Ó ṣe ti àbọ̀ náà. Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ wọn, mọ́kànlá alẹ́ tiwa ni. Láti ibẹ̀ dé aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, mẹ́tàdínlógún géérégé. Kò sí òkè, kò sí ẹrù. Ìbráhímù ní òun ti ń fura tẹ́lẹ̀.

Mo bi Nàíìmà pé, tí ẹyẹ bá fò láti Àbújá tààrà, láìyà síbì kan, báwo ni Tòróńtò ṣe jìnnà tó? Ó ní ó tó nǹkan bí ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án kìlómítà. Mo bá ṣe ìṣirò tèmi lábẹ́ tirẹ̀. Nígbà tí mo lágbára, ogún kìlómítà ni mo lè ti kẹ̀kẹ́ ìwọnlẹ̀ dé lójúmọ́. Bí omi òkun kò bá gbé mi lọ, yóò gbà mí tó ọdún kan àti oṣù mẹ́ta kí n tó dé ẹnu ọ̀nà yín. Mo wo ilẹ̀kùn náà títí. Ibi tí mo rán ìyàwó mi lọ nìyẹn, tí mo rò pé kò ju Àbújá lẹ́ẹ̀mejì. Àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́ lóòótọ́.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ẹ̀rín. O mọ àṣà ilé wa. Bí agogo ṣọ́ọ̀ṣì bá ti lù ní aago mẹ́fà òwúrọ̀, ìyá rẹ yóò kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yàrá, yóò ní, "Okun o, Bàbá Ọmọ́ṣọlá, ṣé ẹ jí ire?" Èmi náà yóò dáhùn. Kí a tó kí ara wa, ẹnikẹ́ni nínú wa kì í bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀. Ìyá mi ló kọ́ ọ nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, kò sì fi í sílẹ̀ rí, kódà lọ́jọ́ tí a bá jà sùn. Láti ìgbà tó ti dé ọ̀dọ̀ yín, èmi ni mo ń pè é ní aago mẹ́fà tí agogo bá lù. Mo mọ̀ pé ilẹ̀ kì í tíì mọ́ lọ́dọ̀ yín, ṣùgbọ́n mo rò pé oòrùn yín ló ń pẹ́ yọ, n kò mọ̀ pé aago wa kò dọ́gba. Ó ti sọ fún mi látìbẹ̀rẹ̀ pé kí n má ṣe ìyọnu, pé àsìkò yẹn gan-an ni òun máa ń jí fún ọmọ ní wàrà. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Mo tilẹ̀ ń bá a yọ̀ pé ọmọ ń jẹun.

Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Àìkú tó ṣáájú ọ̀rọ̀ Nàíìmà, ìwọ fẹnu ara rẹ sọ fún mi pé Fẹ́rànmí mà ń sùn dáadáa o, pé láti ìgbà tó ti pé oṣù mẹ́ta, bí ó bá sùn ní ìrọ̀lẹ́, ó di àárọ̀. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní ó jọ mí. Ìgbà tí mo wá jókòó síwájú ilẹ̀kùn tí wọ́n kọ ṣọ́ọ̀kì sí ni mo yọ márùn-ún kúrò nínú mẹ́fà. Ó ku ẹyọ kan. Aago kan òru. Ọmọ ń sùn, ìwọ àti ọkọ rẹ ń sùn. Adédùntán nìkan ló ń jí.

Mo bínú sí ara mi. Mo pinnu pé n kò ní í pè é ní aago mẹ́fà mọ́, pé ọ̀sán gangan ni n ó máa pè é, kí ó lè sun oorun rẹ̀ tẹ́rùn. Ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, agogo lù, mo jókòó sórí àga gbọọrọ, mo da ojú fóònù délẹ̀. Nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́yìn náà ni fóònù dún. Ìyá rẹ ni. Ó rọra ń sọ̀rọ̀ kí ó má baà jí yín. Ó ní, "Okun o, Bàbá Ọmọ́ṣọlá. Ṣé kò sí nǹkan? Ẹ ò pè." Mo ní, "Adédùntán, kí lo ń ṣe lójúfò ní aago kan òru?" Ó ní, "Aago tiwọn ló lu kan. Tèmi lu mẹ́fà. N kò tíì yí aago ọwọ́ mi padà láti ọjọ́ tí mo ti dé."

Ọmọ́ṣọlá, òjò ni mo sọ fún un pé ó ń rọ̀ níbí. Òjò kò sì rọ̀.

Mo wá bi í lọ́jọ́ náà bóyá ó fẹ́ dúró fún oṣù mẹ́fà sí i. Ó ní, "Ohun tí ẹ bá sọ ni." Rántí pé nígbà tí ìwọ bi èmi, mo ní, "Ohun tí ìyá rẹ bá fẹ́ ni." Wo àgbà méjì! Ó ń dúró dè mí, mo ń dúró dè é, ìwọ sì rò pé a ti gbà. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin ni mí, n kò ní àkókò láti máa dákẹ́ kiri. Mo fẹ́ kí ìyàwó mi padà wálé. Kì í ṣe ebi. Mo ń gún iyán fúnra mi, ó kàn ní kókó díẹ̀, bí ó bá sì rẹ̀ mí, Nàíìmà ń bu oúnjẹ fún mi. Kì í ṣe àìsàn náà. Àárò rẹ̀ ló ń sọ mí. Bí ilẹ̀ bá mọ́, mo máa ń yíjú sí ẹnu ọ̀nà yàrá kí n tó rántí.

Mo mọ̀ pé ìwọ náà nílò rẹ̀. O fẹ́ padà sẹ́nu iṣẹ́ ní oṣù kọkànlá, ibi tí wọ́n ti ń gba ọmọ tọ́jú kò sì tíì ní àyè fún Fẹ́rànmí. Má rò pé mo gbàgbé, ọmọ mi. Ìdí nìyẹn tí mo fi wọ mọ́tò lọ sí Ponyan ní Sátidé, mo gbé iṣu mẹ́wàá dání, mo lọ kí Màmá Olúṣínà. A jẹun tán, mo ní ṣé wọn kò fẹ́ rí ọmọ ọmọ wọn ni? Wọ́n kọ́kọ́ wo ilẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n mú mi wọ yàrá, wọ́n fa àpótí kan yọ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Aṣọ òtútù, ẹ̀wù ọmọdé, ìyere àti ìrú gbígbẹ, gbogbo rẹ̀ ti wà nílẹ̀, ó tò gúnrégé. Ìwé àṣẹ ìwọ̀lú wọn ti jáde láti oṣù kẹfà! Wọn kò sọ fún ẹnikẹ́ni, kódà wọn kò sọ fún ọkọ rẹ. Wọ́n ní àwọn kò fẹ́ kí ó dà bíi pé àwọn ń lé ìyá ìyàwó kúrò nídìí ọmọ. Wọ́n ní kí n má sọ fún yín. Mo ṣèlérí fún wọn, mo sì ti bà á jẹ́ báyìí. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n bi mí ni bóyá lóòótọ́ ni ẹrù máa ń dá bàálù dúró. Mo jẹ́wọ́ níwájú wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

Nítorí náà, ohun tí mo ń bẹ̀ ọ́ nìyí. Má kọ̀wé sí ìjọba mọ́. Jẹ́ kí tíkẹ́ẹ̀tì ìyá rẹ dúró bó ṣe wà, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹwàá. Kí Olúṣínà pe ìyá rẹ̀, kí ó ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ nǹkan kan, kí ó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n wá. Yóò dùn mọ́ wọn jù bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá tètè gbéra, àwọn ìyá méjèèjì á tilẹ̀ jọ wà níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, ìyá rẹ á lè fi ilé àti ọmọ hàn wọ́n. Fẹ́rànmí ní ìyá àgbà méjì, ó yẹ kí ó mọ àyà méjèèjì. Sì ra ìkòkò yẹn padà, jọ̀wọ́. Bàálù kò ní í pẹ́ nítorí ìkòkò.

Ní tèmi, mo ti ṣètò. Nígbà tí ìyá rẹ bá gbéra lọ́dọ̀ yín, aago mọ́kànlá alẹ́ ni yóò jẹ́ níbí, èmi yóò sì ti wà ní Àbújá láti ọ̀sán, n kò gbẹ́kẹ̀ lé ọ̀nà Ọbàjànà. Wákàtí mẹ́tàdínlógún ni n ó fi dúró. Mo ti dúró fún oṣù márùn-ún. Àjò kì í dùn kí onílé má relé.

Kí Ọlọ́run tó ṣọ́ bàálù lókè ṣọ́ ilé rẹ. Kí ọkọ rẹ rí ojú rere níbi iṣẹ́. Kí Fẹ́rànmí dàgbà, kí ó gbọ́n jù mí lọ nípa aago, kí ó sì fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ Kàbbà níṣojú mi. Ọwọ́ rẹ kò ní í pẹ̀yìn. Ọmọ rẹ yóò tọ́jú rẹ bí o ṣe ń tọ́jú wa. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ tó ń wo ojú ọ̀nà,

Gbádéyan.

Mo tún rántí: N kò ní kí o má ka lẹ́tà yìí fún ìyá rẹ lẹ́yìn tí o bá kà á tán. Bí o bá fẹ́ kà á fún un, má ṣe é lọ́sàn-án tí ọmọ ń ké, tí gbogbo ilé ń sáré. Dìde ní aago kan òru, kí o rọra ṣílẹ̀kùn yàrá rẹ̀. Yóò ti jí.